Má Tíì Mú Ìwé Yẹn Lọ Bá Ọ̀gá Rẹ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Sátidé kan, èmi ṣì ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, kò tíì gbọn eruku àyà rẹ̀ tó fi na fóònù sí mi lójú. "Bàbá, ẹ wò ó. Mo ti jẹ." Mílíọ̀nù méjì náírà ni. Ìdíje bọ́ọ̀lù mẹ́rìnlá ló tò sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gé e. Mo bá a yọ̀. Ìyàwó mi náà bá a yọ̀, ó tún ẹran mú sínú ọbẹ̀.

Ìgbà tó jẹun tán ló fa bébà kan yọ lápò ẹ̀yìn ṣòkòtò. Ìwé tó fẹ́ fi kọ iṣẹ́ sílẹ̀ ni, ó ti tẹ̀ ẹ́, ó ti fọwọ́ sí i, déètì nìkan ló kù. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní apá Under-G ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì, 100,000 náírà ni wọ́n ń san fún un lóṣù. Ó ní owó oṣù ogún ni òun rí gbà láàárín alẹ́ ọjọ́ kan; kí ló tún kù tí òun ń bá ọmọ ọlọ́mọ pariwo fún?

Mo ní kó fi ìwé náà sórí tábìlì, ká jọ sọ ọ́. Ohun tí mo sọ fún un ni mo kọ síbí fún ẹ̀yin ọmọ yòókù, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lápò láti Owódé ní Ọ̀yọ́ títí dé ẹnu géètì yunifásítì LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ẹ má fi ìjókòó mi dà mí pọ̀ mọ́ pásítọ̀. Èmi náà ta pọ́ọ̀lù. Láyé ìgbà tiwa, àgbàlagbà Ọ̀yọ́ tí kò kọjá Ìlọrin rí lè ka orúkọ àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Scotland fún ọ láìmí: Cowdenbeath, Arbroath, Partick Thistle, Queen of the South. Kò mọ ibi tí Cowdenbeath wà, kò sì fẹ́ mọ̀. Ohun tó kàn án kò ju pé ṣé wọn á gbá ọ̀mì. Tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá gba ìsinmi, bọ́ọ̀lù Ọsirélíà la ó máa ta, à ń fi bírò pupa yí nọ́mbà po lórí ìwé bí ẹni ń máàkì iṣẹ́ ọmọ iléèwé. Tíṣà ìṣirò ni mí, ẹ wá rò ó wò! Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ní ìdá àti ìpín ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, èmi náà ni mò ń wá ọ̀mì mẹ́ta kiri ní alẹ́ Sátidé.

Mo jẹ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní, mo fi ra rédíò. Èkejì tó owó oṣù mi mẹ́rin. Mo ra alùpùpù, mo pa àgbò, mo pe ẹbí, mo pe ará, mo sì ń múra láti fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Oṣù kẹfà kò pé tí mo ti ta alùpùpù náà ní ìdajì iye tí mo rà á. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo ṣì níṣẹ́, kì í sì í ṣe ọgbọ́n mi. Ìyá àwọn ọmọ ló ní bí mo bá fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ nítorí pọ́ọ̀lù, òun á kó ẹrù òun lọ sílé bàbá òun. Ó ti di ẹrù méjì pọ̀ kí n tó gbà.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó ní pọ́ọ̀lù ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ti ìsinsìnyí ní ìmọ̀ nínú. Mo ní kó fún mi ní bírò.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé ká kọ́kọ́ mú Bàbá Ìjẹ̀bú, torí òun ló rọrùn láti ṣírò. Ẹ mọ̀ ọ́n, kò sí àdúgbò Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò ní kíóṣì rẹ̀. Orúkọ tí aráàlú ń pe Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ Ìperu Rẹ́mọ, tó dá Premier Lotto sílẹ̀, ni orúkọ tẹ́tẹ́ náà. Nọ́mbà 90 ló wà nínú ẹ̀rọ, márùn-ún ni wọ́n ń fà jáde. Ẹni tó bá ta two sure mú nọ́mbà méjì. Bí méjèèjì bá bọ́ sínú márùn-ún, wọ́n á san án ní ìlọ́po 240. Ọgọ́rùn-ún náírà di 24,000. Ó dùn létí, àbí?

Ó yá, ká ní ọkùnrin kan wà tí kò fẹ́ fi orí gbá ògiri. Kò bá babaláwo lọ, kò wo nọ́mbà mọ́tò tó jáàmù, kò kọ nọ́mbà orin tí wọ́n kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè sílẹ̀. Ó ní gbogbo nọ́mbà méjì-méjì tó lè jáde lòun máa ra. Mo ní kí ọmọ mi ṣe é: 90 lọ́nà 89, pín in sí méjì. Ó jẹ́ 4,005. Ọgọ́rùn-ún náírà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 400,500 náírà. Ọkùnrin yìí kò lè ṣàì jẹ, torí kò sí nọ́mbà tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fa nọ́mbà márùn-ún. Inú márùn-ún, méjì-méjì mẹ́wàá péré la lè rí. Mẹ́wàá lọ́nà 24,000 jẹ́ 240,000.

Mo jẹ́ kó wò ó fúnra rẹ̀. Ẹni tó ra gbogbo rẹ̀ tán, tí oríire kò ní ibì kankan tó lè gbà sá mọ́ ọn lọ́wọ́, pàdánù 160,500 náírà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bó bá ṣe é pẹ̀lú nọ́mbà mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń san ní ìlọ́po 2,100, ó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: mẹ́ta-mẹ́ta 117,480 ló máa rà, owó rẹ̀ á tó mílíọ̀nù mọ́kànlá àti 748,000, ohun tí wọ́n máa dá padà fún un kò ní ju mílíọ̀nù méjì àti 100,000 lọ. Kò sí olè níbẹ̀, kò sí màgòmágó nínú ẹ̀rọ. Bí wọ́n ṣe ṣètò ọjà náà nìyẹn, gbangba ni wọ́n sì tà á fún ọ.

"Bọ́ọ̀lù ni tèmi, Bàbá, kì í ṣe nọ́mbà." Mo ní ó dáa. Ká ní lórí ìdíje kan, ilé iṣẹ́ bẹ́tì yọ kọ́bọ̀ márùn-ún péré sápò nínú náírà kan, ó ku kọ́bọ̀ 95. O wá so ìdíje mẹ́rìnlá pọ̀. Ìdíje kọ̀ọ̀kan ló ń já tirẹ̀ nínú èyí tó kù. Tẹ 0.95 sínú fóònù rẹ, sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀ nígbà mẹ́rìnlá. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó kù díẹ̀ kó pé kọ́bọ̀ 49. Ìyẹn ni pé bí tíkẹ́ẹ̀tì ṣe ń gùn tí owó tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ń wuni sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ nínú rẹ̀ sí i. Arsenal kọ́ ló ń gé tíkẹ́ẹ̀tì yín lójoojúmọ́, ìsọdipúpọ̀ ni.

Mo tún bi í ní ìbéèrè kan, mo sì bi ẹ̀yin náà. Akin Alábí, ọmọ Ìbàdàn, dá Nairabet sílẹ̀ ní 2009. Ní 2019 ó di aṣòfin ní Àbújá. Bet9ja tẹ̀ lé e ní 2013, ẹ sì rí bó ṣe tóbi tó. Adébùtú ń fi owó ṣàánú káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ìdí títà tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà. Ẹ dárúkọ ẹnì kan fún mi tó wà nídìí rírà, tí tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ títí tó fi darúgbó. Ó ronú títí. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan wà. Mo ní ilé ta ló ń gbé? Ó ní yàrá kan náà làwọn jọ ń gbé.

Ẹ jẹ́ ká dé ibi owó orí, torí ibẹ̀ ni ojú ọmọ náà ti là jù.

Ọ̀pọ̀ yín ń rò pé owó tẹ́tẹ́ kò kan ìjọba. Ìlànà yíyọ owó orí láti orísun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2024 sọ pé kí ẹni tó ń san owó àjẹ lọ́tìrì, tẹ́tẹ́ tàbí eré orí tẹlifíṣọ̀n yọ ìdá 5 nínú 100 bí ẹni tó jẹ ẹ́ bá ń gbé Nàìjíríà, ìdá 15 bó bá jẹ́ ará òkèèrè. Nínú mílíọ̀nù méjì, 100,000 náírà nìyẹn, gbogbo owó oṣù kan. Kò sì tán síbẹ̀. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, ka owó àjẹ mọ́ ara ohun tó ń wọlé fún ènìyàn. Ìyẹn ni pé wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ owó oṣù rẹ kí wọ́n tó ṣírò.

A ṣe é lórí bébà. Owó oṣù rẹ̀ lọ́dún, 1,200,000. Òfin náà kò gba nǹkan kan lórí 800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú 100 lórí 2,200,000 tó tẹ̀ lé e. Ìdá 18 lórí èyí tó bá tún lé, ó sì ń gòkè títí dé ìdá 25 fún ohun tó bá kọjá mílíọ̀nù 50. Láìsí tẹ́tẹ́, 60,000 ni owó orí rẹ̀ lọ́dún. Nígbà tí mílíọ̀nù méjì wọ̀ ọ́, àpapọ̀ di 3,200,000, owó orí di 366,000. Mi ò tíì yọ owó ìfẹ̀yìntì àti ìdá owó ilé tí òfin gbà láàyè, wọ́n á dín in kù díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe wà lórí bébà, tẹ́tẹ́ yìí fi 306,000 kún owó orí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti yọ 100,000 lọ́hùn-ún, ó ku 206,000 tó yẹ kó wà nílẹ̀ dè wọ́n.

Ojú rẹ̀ yí padà. Mílíọ̀nù méjì tó ní òun fi rí owó oṣù ogún ti di oṣù mẹ́tàdínlógún kò pé. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó san án bóyá wọ́n yọ ọ́ tàbí wọn ò yọ ọ́, kó gba ìwé ẹ̀rí, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì owó orí ìpínlẹ̀, torí àwọn ló lè sọ iye tó kẹ́yìn. Kó sì wádìí bóyá ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ tó ti ń ta á. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kọkànlá, 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́, nínú ẹjọ́ tí ìjọba Èkó ti pè láti 2008, pé àwọn aṣòfin Àbújá kò lágbára láti ṣòfin lórí lọ́tìrì. Ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló wà. Òfin lọ́tìrì ti 2005 sì wó lọ́jọ́ náà.

Ó ní ṣebí ní ìlú òyìnbó wọn kì í gba owó orí lórí lọ́tìrì. Òtítọ́ ni fún Gẹ̀ẹ́sì. Amẹ́ríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá jẹ lọ́tìrì tó lé ní 5,000 dọ́là, ìdá 24 ni ìjọba àpapọ̀ wọn ń kọ́kọ́ yọ. Gánà tí kò jìnnà sí wa náà gbìyànjú rẹ̀: ìdá 10 ni wọ́n ń yọ láti oṣù Kẹjọ 2023, àwọn ọ̀dọ́ pariwo, ìjọba Mahama sì fagi lé e ní oṣù Kẹrin 2025. Tiwa ṣì wà nílẹ̀. Èmi kò bínú sí i. Owó orí ni wọ́n fi san mí fún ọdún márùndínlógójì tí mo fi ṣe tíṣà.

Mo dárúkọ Gánà, ó sì mú mi rántí bàbá mi. Ẹ̀yin ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí agbo ilé yín tí kò mọ ìtàn yìí. Ṣáájú 1969, ará Ògbómọ̀ṣọ́ kún ọjà Tamale àti Kumasi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́lé tí wọ́n ń rán owó wálé. Ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó jáde. Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ wálé nínú lọ́rí kan náà ni. Ẹ̀gbọ́n yìí ló lówó jù. Ìsọ̀ aṣọ méjì ló ní, ó sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà rẹ̀ sọ́wọ́ àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Gbogbo rẹ̀ há síbẹ̀. Télọ̀ ni bàbá mi. Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó lé láti Tamale títí dé ilé nítorí kò sáyè nínú lọ́rí. Nígbà tí iléèwé wọlé ní oṣù kìíní ọdún 1970, ó ti ń rán yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lo bí ọdún mẹ́ta kó tó rí nǹkan fi ọwọ́ bà.

Mo mọ̀ pé owó ọjà kì í ṣe owó tẹ́tẹ́. Ọlọ́jà yẹn jìyà fún tirẹ̀. Bí owó tí ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ bá lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, mílíọ̀nù méjì tó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan kò ní dé ọjọ́ Àjíǹde bí kò bá sí ohun mìíràn tó ń wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ oṣù ni ògiri tí owó náà máa fi ẹ̀yìn tì. Bí o bá ń gba 100,000, tó ń bọ́ ọ, ẹnu rẹ kò ní kan mílíọ̀nù yẹn. Ọjọ́ tí o bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, láti inú rẹ̀ ni gaàrí, owó ilé, dátà àti owó ọkọ̀ á ti máa jáde.

Ẹ má sọ pé torí owó náà kéré ni. Jack Whittaker ará West Virginia ní Amẹ́ríkà jẹ lọ́tìrì 314.9 mílíọ̀nù dọ́là ní ọjọ́ Kérésìmesì 2002, oníṣòwò tó ti lówó tẹ́lẹ̀ sì ni. Kò pé ọdún kan tí olè fi kó ohun tó lé ní 500,000 dọ́là nínú mọ́tò rẹ̀. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ràn jù kú ní 2004. Ó sọ ní gbangba lẹ́yìn náà pé ì bá wu òun kí òun ti fa tíkẹ́ẹ̀tì náà ya.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Luke Pittard, ọmọkùnrin kan ní Cardiff, ní Wales. McDonald's ló ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ ló ti rí ìyàwó fẹ́. Ó jẹ 1.3 mílíọ̀nù pọ́n-ùn ní 2006. Ó ra ilé, ó ṣe ìgbéyàwó, ó lọ jẹ̀gbádùn ní Canary Islands. Bí ọdún kan ààbọ̀ ti kọjá, ó padà sídìí bọ́gà ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́. Owó rẹ̀ kò tíì tán o! Ó ní ilé sú òun ni, àárò àwọn ọ̀rẹ́ òun níbi iṣẹ́ sì ń sọ òun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní òyìnbó yẹn kò gbọ́n. Mo ní bóyá, ṣùgbọ́n ó ṣì lówó.

Mi ò fẹ́ kẹ́nì kankan gbọ́ mi ní òdì. Mo mọ̀ pé 100,000 kò tó gbọ́ bùkátà ọ̀dọ́kùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí. Ìjọba ìpínlẹ̀ wa fúnra rẹ̀ gbé owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ dé 80,000, ó sì ń pariwo pé ó pọ̀. Bí iṣẹ́ kan bá ń pa ọ́ lára, wá òmíràn. Fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí iṣẹ́. Ohun tí mo ń kọ̀ ni kí ènìyàn fi í sílẹ̀ torí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí. Owó orí á kúrò níbẹ̀ ná, kó má fọwọ́ kàn án. Ó jẹ alájọ àti ọ̀rẹ́ kan ní gbèsè 140,000. Kó san án lọ́sẹ̀ náà. Ìyókù á wà ní báńkì fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò ní yá ẹnikẹ́ni, kò ní ra mọ́tò, kò sì ní sọ fún ẹbí, títí kan bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, torí mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Ó mọ iṣẹ́ sólà. Ó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Under-G tún ínfátà ṣe ní òpin ọ̀sẹ̀, irinṣẹ́ tó ń lò kì í sì í ṣe tirẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kó ra irinṣẹ́ tirẹ̀, kó máa fi Sátidé ṣe é. Bí ọdún kan bá kọjá tí owó sólà ju owó tíṣà lọ, kó wá bá mi, èmi fúnra mi á bá a kọ déètì sórí ìwé náà.

Ó bi mí bóyá kí òun jáwọ́ nínú bẹ́tì pátápátá. Mo ní ó ti wo ìṣirò, ojú rẹ̀ kò fọ́. Ó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí gbogbo wa ń bú yẹn. Ó pè mí nígbà tó délé; ó jẹ́wọ́ pé òun ti fi igba náírà ta òmíràn nínú ọkọ̀, ìdíje kejì ló ti gé e. Ìwé tó mú wá ṣì wà lábẹ́ Bíbélì mi. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó wà ní kíláàsì.